Díráífù Tuntun fún Àpótí Wosilat

Ní agogo méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, àpótí náà ké. Kì í ṣe igbe ńlá. Ó ń dún píìn, ó ń dákẹ́, ó tún ń dún píìn, bí ẹyẹ kékeré tí wọ́n tì mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Àmọ́ bí ẹ bá bi àwọn ará ilé ìtẹ̀wé náà lónìí, wọ́n á ní igbe ọ̀hún dé Fádèyí, pé onígbàjámọ̀ kan tó wà lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀ fi abẹ gé oníbàárà rẹ̀ létí. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Wosilat Ọdẹ́túnjí ló gbọ́ ọ jù, torí òun nìkan ló mọ ohun tó ń sọ.

Kọ́kọ́rọ́ yàrá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Iná wínníwínní mẹ́rin ló wà níwájú àpótí náà. Lójoojúmọ́, àwọ̀ ewé ni gbogbo wọn máa ń tàn. Lọ́jọ́ yìí, ìkejì pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn. Wosilat fìdí lé rímù bébà kan tó wà nílẹ̀.

Àpótí náà kò tóbi ju páálí bàtà méjì tí wọ́n gbé léra. Háàdì díráífù mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, irin pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ tó ń yí tọ̀sán-tòru, tó ń tọ́jú iṣẹ́. Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé márùn-ún ló wà nínú ilé alájà méjì yẹn ní Ṣómólú, gbogbo kọ̀ǹpútà tó sì wà níbẹ̀ ló so mọ́ àpótí kan ṣoṣo yìí. Ohun tí wọ́n bá yà fún oníbàárà, ibẹ̀ ló ń lọ: ọ̀rá búrẹ́dì, káàdì ilé-ìwé, ìwé ètò ìsìnkú, kàlẹ́ńdà mọ́ṣáláṣí. Iṣẹ́ ọdún mẹ́rìnlá ló wà níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe tò ó ni pé, bí díráífù kan bá kú, àwọn mẹ́ta tó kù á jọ rántí ohun tí òkú náà mọ̀. Ṣùgbọ́n bí òmíràn bá tún kú kí wọ́n tó rọ́pò èyí àkọ́kọ́, ó parí nìyẹn. Kì í ṣe pé ìdajì á sọnù. Gbogbo rẹ̀ ni.

Ẹ̀dà kejì tí àwọn ọ̀gá márààrún fẹnu kò sí pé àwọn máa tọ́jú síbòmíràn ńkọ́? Inú ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé ló wà.

Láti Ṣakí ni Wosilat ti wá, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, pẹ̀lú báàgì kan àti àdírẹ́sì àǹtí rẹ̀ ní Bàríga. Ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó ń to fíìmù lórí tábìlì oníná ni wọ́n ti fi í sí iṣẹ́. Abẹ ni wọ́n fi ń gé e nígbà náà, sẹ́lótéèpù ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ dá tó bẹ́ẹ̀ tó lè gé irun ẹsẹ̀ eṣinṣin sí méjì kí eṣinṣin náà má mọ̀. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀, òun ló jókòó tì í. Òun náà ló sì rí i bí iṣẹ́ ṣe ń ṣègbé: fíláàṣì tó bọ́ sínú garawa epo tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀rọ, síídì tí eku gé jẹ, kọ̀ǹpútà tí olè gbé lọ pẹ̀lú ìwé odidi ilé-ìwé kan nínú.

Ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn ló kó àwọn ọ̀gá náà jọ. Ó ní kí wọ́n kó gbogbo fíláàṣì wọn wá, kí iṣẹ́ gbogbo wọn wà lójú kan. Wọ́n wò ó bí ẹni tó ní kí wọ́n kó ìyàwó wọn wá. Ó wá nàka sí ilẹ̀kùn yàrá kékeré tí wọ́n fún un. Wọ́n ti fi ọ̀dà kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, WOSILAT ỌDẸ́TÚNJÍ, orúkọ obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ sí ilẹ̀kùn nínú ilé yẹn.

"Bí lẹ́tà kan bá sọnù nínú àpótí yìí," ló wí, "ẹ ha orúkọ yẹn kúrò."

Gbogbo wọn ló gbọ́. Kò sì sẹ́ni tó gbàgbé.

Wosilat dìde lórí rímù, ó bọ́ sí kọ́rídọ̀.

"Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi iṣẹ́ sínú àpótí! Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mú iṣẹ́ jáde!"

Yísà, ẹni tó ń wa ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó tóbi jù nísàlẹ̀, yọrí jáde pẹ̀lú yíǹkì ní iwájú orí. "Àǹtí Wosi, ọ̀rá búrẹ́dì ńkọ́? Oníbúrẹ́dì ti wà nísàlẹ̀ o."

"Kó fi ewé wé e títí di Sátidé."

"Ewé kẹ̀! Búrẹ́dì ni àbí ẹ̀kọ?"

"Yísà, mo ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án."

Yísà rí ojú rẹ̀, ẹ̀rín sì kúrò lẹ́nu òun náà.

Díákónì Bọ́dúndé ló sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn náà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, àgbà àwọn ọ̀gá márààrún. Okùn kan wà lọ́rùn rẹ̀, awò kékeré tí àwọn atẹ̀wé fi ń wo àmì yíǹkì ló sì so rọ̀ níbẹ̀. Kò sí ohun tí wọ́n tẹ̀ tí bàbá yìí kò ní fi awò náà wò. Wọ́n ní ó fi wo ìwé ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ níwájú pẹpẹ, ó sì ní kí wọ́n lọ tún un tẹ̀.

"Mélòó ló kú?"

"Ìkan ni, Bàbá. Ìkejì láti apá òsì."

"Àwọn tó kù?"

"Wọ́n ṣì ń mí. A nílò òmíràn, ká rà á lónìí. Àmọ́ kì í ṣe èyí tí a bá ṣáà ti rí."

"Jẹ́ kí n mú fìlà mi."

Bàbá kò mọ nǹkan kan nípa díráífù, ṣùgbọ́n ó mọ bí wọ́n ṣe ń ra bébà, ó sì gbà pé ohun gbogbo láyé ni wọ́n ń rà bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá fi rímù páálí méjì tẹ ìwé kan, ojú ìwé yìí á funfun, ìkejì á pọ́n bí eyín onítábà. Nítorí náà, páálí kan náà ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n ra díráífù mẹ́rin ti àpótí yẹn, òun ló dúró lórí olùtajà pé inú páálí kan náà ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ ti jáde. Nọ́ńbà ara wọn tẹ̀ léra bí ojú ìwé. Wosilat rí i pé ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu, ó gbà.

Kẹ̀kẹ́ ni wọ́n wọ̀ lọ sí Onípanu, sí ọ̀dọ̀ Samson, tó ń ta ẹ̀yà kọ̀ǹpútà.

"Àǹtí mi àtàtà! Bàbá, ẹ kú ìrìn o, sà. Kí la fẹ́ ṣe fún yín?"

"Díráífù," ni Wosilat wí. "Ti àpótí tí kì í sùn. Èyí tó lè yí tọ̀sán-tòru. Má fún mi ní ti inú kọ̀ǹpútà ọmọ iléèwé."

"Ẹ ti débẹ̀." Samson gbé ọ̀kan kalẹ̀. Inú ọ̀rá dúdú tí wọ́n fi iná lẹ̀ pa ló wà, sítíkà rẹ̀ ń dán. "Tuntun gbáà. Kódà inú ọ̀rá rẹ̀ ló sùn lánàá."

"Ṣí i. So ó mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ kí n wo wákàtí rẹ̀."

Gbogbo díráífù ló ń ka wákàtí tó fi ṣiṣẹ́ sínú ara rẹ̀. Bí Samson ṣe so ó, Wosilat tẹ orí mọ́lẹ̀ wò ó. Òdo. Kò tíì ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan. Ọkàn rẹ̀ rọlẹ̀ fúngbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀.

Ibẹ̀ ni fóònù rẹ̀ ti dún. Yísà ni.

"Àǹtí, ẹ má bínú o. Mi ò fọwọ́ kàn án. Àmọ́ mo lọ wò ó, ìkẹta ti ń ṣe kẹ́-kẹ́-kẹ́."

"Iná rẹ̀ ńkọ́?"

"Àwọ̀ ewé ṣì ni. Ṣùgbọ́n ó ń ṣe kẹ́-kẹ́-kẹ́."

Wosilat gbé fóònù kúrò létí. Ìkẹta. Bí ìyẹn bá lọ kí òun tó délé, kò sí ohun tí díráífù tuntun lè ṣe mọ́.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká mú un."

Inú Díákónì ń dùn ní tirẹ̀, torí Samson ti ṣí páálí kan hàn án. "Wosilat, wò ó! Mẹ́rin ló wà níbí, páálí kan náà! Ká kúkú mú gbogbo wọn."

"Bàbá mọ ọjà!" Samson ti ń wá ọ̀rá tó máa kó wọn sí.

Wosilat na ọwọ́ sí i. Díákónì ti gbé ọ̀kan súnmọ́ ojú, awò ti bọ́ sí ojú sítíkà. Kò ní ìdí kan pàtó. Bí wọ́n bá fún un ní ọ̀rá omi tútù, á fi awò wò ó kó tó mu ún. Ó wò ó. Ó tún un wò. Ó mú ìkejì, ó wò ó. Nígbà tó gbé orí sókè, ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Gbé e sílẹ̀."

"Bàbá, ẹ̀yin náà lẹ ní—"

"Mo ní gbé e sílẹ̀, Wosilat."

"Bàbá, ṣé kò sí o?" ni Samson bi í. "Ojúlówó ni o, sà."

"Mo mọ̀ pé ojúlówó ni sítíkà rẹ̀," ni Díákónì fèsì. "Mo mọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́."

Samson rẹ́rìn-ín, ó kó àwọn díráífù padà sínú páálí. Kò pe àwọn méjèèjì padà.

Ìgbà tí wọ́n dé ẹ̀bá títì ni bàbá tó sọ̀rọ̀. "Ìlà kan gba inú lẹ́tà kẹta sítíkà náà kọjá, ó tín-ín-rín ju irun lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni mo bú Yísà nítorí ìlà yẹn. Ó ha pélétì, páànù pẹlẹbẹ tí a fi ń tẹ̀ ẹ́. Oníbàárà ní kò burú, ká máa tẹ̀ ẹ́ lọ." Ó fi ọwọ́ nu ojú. "Ọmọkùnrin kan ló gbé iṣẹ́ náà wá. Ó ní ilé-iṣẹ́ òun fẹ́ fi lẹ nǹkan. Mi ò bi í pé kí ni nǹkan náà."

Wosilat dá a lóhùn. "Inú àpótí ni fáìlì rẹ̀ wà, Bàbá. SÍTÍKÀ KÉKERÉ ni wọ́n kọ sí i. Mo rí i. Mi ò ṣí i."

"Àwọn wákàtí òdo yẹn ńkọ́?"

"Ẹni tó lẹ sítíkà tuntun mọ́ àlòkù á wá ẹni tó máa bá a nu wákàtí rẹ̀ kúrò. Ta ló mọ ọdún mélòó tó ti fi yí níbi tó ti wá? Díẹ̀ ló kù ká gbé e wọ inú àpótí, Bàbá. A ò bá fi ọwọ́ ara wa sin ín."

Ní Bàríga, lọ́nà ilé rẹ̀, Wosilat ti ń rí pátákó obìnrin kan láti ọjọ́ pípẹ́: HADASSAH, A Ń GBA FÁÌLÌ TÓ SỌNÙ PADÀ. Kò yà síbẹ̀ rí, torí ẹni tí nǹkan rẹ̀ ò sọnù kì í yà síbẹ̀. Oòrùn ti wà ní àtàrí nígbà tí wọ́n gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Obìnrin náà kò ju ọgbọ̀n ọdún lọ, ó tú díráífù kan ká sórí tábìlì bí ẹni ń tú ẹja.

"Ẹ káàsán, mà. Ẹ káàsán, sà. Ṣé ó ti kú pátápátá àbí ó ṣì ń japoró?"

Wosilat ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un. Hadassah kò na ọwọ́ sí ọjà kankan. Ìbéèrè ló ń bi wọ́n: báwo ni àpótí ṣe tóbi tó, ṣé yàrá náà gbóná, ẹni mélòó ló ń lò ó lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ gbọ́, mà. Irú méjì ló wà. Ọ̀kan ń kọ ìlà rẹ̀ léra, bí wọ́n ṣe ń kan páànù òrùlé, etí èyí lórí etí ìyẹn. Ó ń gba nǹkan púpọ̀, kò sì wọ́n. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ yí ìlà kan padà, ẹ gbọ́dọ̀ ṣí èyí tó bò ó. Bí àpótí yín bá ń da iṣẹ́ sínú rẹ̀ fún wákàtí mẹ́wàá, iṣẹ́ á wọ̀ ọ́ lọ́rùn, àpótí á rò pé ó ti kú, á tì í jáde. Èyí tó ń kọ ìlà rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn lẹ fẹ́." Ó wo Díákónì. "Mẹ́rin tẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà, ibo ni wọ́n ti wá?"

Díákónì tún fìlà rẹ̀ ṣe. "Páálí kan náà."

"Nọ́ńbà wọn tẹ̀ léra?"

"Èmi ni mo ní kí wọ́n tẹ̀ léra."

Hadassah fi irinṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́. "Sà, ọjọ́ kan náà ni wọ́n ṣe wọ́n, ọjọ́ kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, inú ooru kan náà ni wọ́n wà. Bí ọ̀kan bá ti rẹ̀, kì í ṣe òun nìkan ló rẹ̀. Ìkẹta yín kì í pariwo lásán."

Ó gbé díráífù kan jáde láti inú àpò aṣọ. Kò sí nínú ọ̀rá, kò dán, orúkọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti àwọn mẹ́rin. "Tuntun ni, èmi ni mo ṣí i. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń kọ nǹkan kún inú rẹ̀, tí mò ń kà á padà. Èmi kì í ta ohun tí mi ò tíì fìyà jẹ. Ẹ wo wákàtí rẹ̀: méjìléláàádọ́rin. Bí mo bá fi òdo hàn yín, ẹ má rà á."

Díákónì ti gbé awò sójú. Ó yẹ sítíkà náà wò láti igun dé igun.

"Eléyìí kì í ṣe iṣẹ́ wa," ló wí.

Hadassah ní kí wọ́n má bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sán, nígbà tí yàrá yẹn gbóná bí ààrò. Kí wọ́n má pa àpótí náà, torí irin tó ti ń yí fún ọdún márùn-ún lè má dìde mọ́ tó bá dúró. Ìdájí ni kí wọ́n fi sí i, kí wọ́n dúró tì í. Wákàtí mọ́kànlá ló máa gbà.

Ní agogo mẹ́fà àárọ̀ Jímọ̀, Wosilat fa òkú jáde, ó ti ààyè wọlé. Àwọn mẹ́ta àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀ sókè, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, fún àlejò náà. Díákónì ní kí wọ́n pa gbogbo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kí iná má baà ṣẹ́ yẹ́ẹ́. Ilé náà dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ní àwọn adìyẹ àdúgbò padà lọ sùn, wọ́n rò pé ilẹ̀ ò tíì mọ́. Fáànù kan ṣoṣo tó wà lọ́ọ́fíìsì bàbá, àpótí ni wọ́n yí i sí. Bàbá ń làágùn.

Ní agogo mẹ́wàá, iṣẹ́ náà dé ogójì nínú ọgọ́rùn-ún lójú kọ̀ǹpútà. Ìkẹta ń ṣe kẹ́-kẹ́-kẹ́. Ojú mẹ́jọ, ibi tí kò ṣeé kà mọ́, ló ti bàjẹ́ nínú rẹ̀.

Ní ọ̀sán, mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Ojú tó bàjẹ́ di ogójì. Yísà lọ kí Jímọ̀, ó padà láìdúró jẹun. "Mo ti fi orúkọ rẹ̀ sínú àdúà," ló wí. "Mo ní Ìkẹta ọmọ Àpótí."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

"Wosilat," ni Díákónì sọ ní ohùn kékeré, "èmi ni mo ní páálí kan náà."

"Èmi ni mo fọwọ́ sí i, Bàbá."

Ní mọ́kànléláàádọ́rùn-ún, ó dúró. Nọ́ńbà náà kò lọ, kò bọ̀. Ìkẹta ń ṣe kẹ́, á dákẹ́, á ṣe kẹ́. Ojú tó bàjẹ́ di méjìléláàádọ́fà. Wosilat wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀, níbi tí ọ̀dà orúkọ rẹ̀ ti ń gba oòrùn, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Kò sí ohun tí ọwọ́ náà lè gé, kò sí ohun tó lè lẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún. Mẹ́wàá. Díákónì bọ́ awò lọ́rùn, ó dì í mú. Ìṣẹ́jú kẹtàdínlógún, nọ́ńbà náà fò: méjìléláàádọ́rùn-ún.

Aago márùn-ún ti lé díẹ̀ nígbà tí iná mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tan ní àwọ̀ ewé. Yísà pariwo débi tí oníbúrẹ́dì fi sáré gòkè láti bi wọ́n pé ta ló bímọ. Wosilat kò pariwo. Ó ṣí fáìlì kan, ó ṣí òmíràn, ti ọdún yìí àti ti ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn. Gbogbo wọn pé.

"Ṣí sítíkà yẹn fún mi," ni Díákónì wí.

Ó ṣí i. Bàbá wò ó láìlo awò. "Pa á rẹ́."

"Bàbá, mo ti sọ pé lẹ́tà kan kò ní sọnù níbí."

"Èyí kò sọnù. Àwa la jù ú nù."

Ó pa á rẹ́. Yísà gbé pélétì rẹ̀ wá, ó fi orúnkún ká a sí méjì. Ọmọkùnrin tó gbé iṣẹ́ náà wá padà dé lọ́sẹ̀ kejì fún sítíkà sí i. Wọ́n ní Díákónì fi ìjókòó lé e dé Onípanu. Àgbà tí orúnkún ń dùn ni o, ilẹ̀kùn nìkan ló sìn ín dé. Ṣùgbọ́n kò padà wá mọ́.

Ní àárọ̀ Sátidé tó tẹ̀ lé Jímọ̀ náà, Ìkẹta kọ̀, kò yí mọ́. Àpótí ké píìn, Yísà fi fóònù sọ ọ́ fún Wosilat, ẹ̀rù kò sì bà á bíi ti Ọjọ́bọ̀, torí òun àti bàbá ti wà lórí àtẹ̀gùn Hadassah láti agogo mẹ́jọ. Ẹyọ mẹ́ta ni wọ́n fẹ́ rà: ọ̀kan fún Ìkẹta, ọ̀kan fún ìgbà tí òmíràn bá tún rẹ̀, àti ọ̀kan ńlá fún ẹ̀dà kejì tó máa wà nílé Wosilat ní Bàríga, kó lè jáde kúrò nínú ìwé ìpàdé.

Hadassah tò wọ́n sórí tábìlì. Díákónì Bọ́dúndé tẹ ara síwájú, awò ń rìn lórí nọ́ńbà ẹ̀kíní, lórí ti ìkejì. Ó padà sí ẹ̀kíní. Ó fi ìka kan ti ìkejì sẹ́yìn lórí tábìlì.

"Àwọn méjì yìí tẹ̀ léra," ló wí. "Ọmọ mi, wá òmíràn fún wa, láti inú páálí míì."